Òkúta Wẹ́wẹ́ Níwájú Òkìtì Ilá

Ilá ni Màámi kọ́kọ́ máa ń ká láàárọ̀. Ilẹ̀ kò ní tíì mọ́ tán tí yóò ti wọ àárín rẹ̀, tòun ti ìbọ̀sẹ̀ Bàámi àtijọ́ tó fà bọ ọwọ́ méjèèjì nítorí irun ara ilá tó máa ń yúnni. Bí mo bá sùn sí abà, ìró ilá tó ń ṣẹ́ lára igi ló máa ń jí mi: kẹ́, kẹ́, kẹ́, á dáwọ́ dúró díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Ó sì máa ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ wí. "Ìwọ, o fẹ́ kó mọ́ mi lọ́wọ́ ni." "Ìwọ, padà sùn, ó di ọ̀túnla."

Ẹni tí kò bá gbin ilá rí lè máà mọ ohun tí kíkó ilá jẹ́. Lónìí ó rọ̀, ó tutù, bí èèyàn bá fi àtàǹpàkò tẹ ṣóńṣó ìdí rẹ̀, á dá pẹ́. Bí a bá fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kẹrin, ṣóńṣó yẹn á kàn tẹ̀ ni, kò ní dá. Ó ti kó nìyẹn. Fọ́nrán ti gba inú rẹ̀ kan, ọ̀bẹ tó mú gan-an á máa bá a jìjàkadì. Ìdí nìyí tí àwọn obìnrin ọjà kì í fi í fẹ́ kí oníbàárà máa ṣẹ́ ìdí ilá wò, tí oníbàárà kò sì yé ṣẹ́ ẹ.

Oko wa wà lójú ọ̀nà tó ti Òṣogbo lọ sí Ìkìrun, béèyàn bá ti kọjá Ọ̀kínní díẹ̀. Kò tóbi. Ó tó kí ilé kan jẹun, kó sì ṣẹ́kù. Èyí tó ṣẹ́ kù yẹn la máa ń pàtẹ rẹ̀ sétí títì. Àtẹ náà kò ju igi mẹ́rin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, páànù ògbólógbòó mẹ́ta tí wọ́n kàn mọ́ ọn lórí, àti pákó fífẹ̀ kan tí oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti sọ di dúdú. Láti àárín oṣù kẹjọ títí wọ oṣù kẹsàn-án ni pákó náà máa ń kún jù lọ́dún. Òjò á ti dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ bíi méjì sí mẹ́ta, ojú ọ̀run á ṣú láìrọ̀, otútù á máa fẹ́ wẹ́ẹ́, ohun gbogbo tí òjò ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ti bọ́ á sì gbó lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni pé wọ́n jọ ṣèpàdé.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa pákó yẹn, nítorí kì í sí ẹni tó ń jókòó tì í.

Bí a bá ti to ọjà tán láàárọ̀, inú oko la ń padà sí. Ewédú ní ìdì ìdì, tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbúre tí omi ṣì ń kán lára rẹ̀, tòmátì ìbílẹ̀ kéékèèké tó máa ń kan díẹ̀, ata rodo, ìkàn, ìbẹ́pẹ, píà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, àgbàdo tútù nínú háríhá rẹ̀, gbogbo wọn á wà níbẹ̀ fúnra wọn. Níwájú òkìtì kọ̀ọ̀kan ni Màámi ń to òkúta wẹ́wẹ́ sí. Òkúta kan, igba náírà. Òkìtì ilá tó ní òkúta mẹ́ta níwájú, ẹgbẹ̀ta náírà ni. Agolo mílíìkì ńlá kan tí wọ́n dá ihò sí lórí wà ní igun pákó, wáyà ni wọ́n fi so ó mọ́ igi. Ẹni tó bá fẹ́ rà á mú ọjà, á ti owó bọnú agolo, á máa bá tirẹ̀ lọ.

Kì í ṣe àwa la dá a sílẹ̀ o. Àwọn tó dàgbà jù wá lọ mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe lójú ọ̀nà oko káàkiri ilẹ̀ Yorùbá láyé owó ẹyọ. Arìnrìn-àjò tí ebi ń pa á bá iṣu sísè tàbí àgbàdo lábẹ́ igi, kò rí olójà, òkúta tàbí owó ẹyọ tó wà nílẹ̀ ni yóò sọ iye rẹ̀ fún un. Ìyá bàbá mi ló gbé e dé ìdílé wa. Nígbà tirẹ̀, òkúta kan jẹ́ tọ́rọ́. Nígbà tí náírà àti kọ́bọ̀ rọ́pò pọ́n-ùn ní ọdún 1973, ó sọ ọ́ di kọ́bọ̀ márùn-ún. Mo ti bá a débi tí òkúta kan jẹ́ náírà mẹ́wàá, mo bá a dé àádọ́ta, mo bá a dé igba. Àwọn òkúta náà ṣì ni. Inú odò kékeré tó wà lẹ́yìn oko wa ni wọ́n ti ṣà wọ́n, wọ́n ti dán bí èkùrọ́. Nígbà tí owó níná di ọ̀wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, tí àwọn èèyàn ń tò síwájú báńkì láti òru, ẹ̀gbọ́n mi fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà àkáǹtì Màámi sára pátákó, ó gbé e kọ́ sábẹ́ páànù. Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń ṣe trànsífà níbẹ̀. Màámi kì í wo fóònù rẹ̀ títí di alẹ́. Òkúta ló ṣì ń tò.

Ohun tí gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ bi mí nípa rẹ̀ ni pé, ṣé wọn kì í jí i?

Wọ́n ń jí i. Mi ò ní parọ́. Ọdún kan wà tí wọ́n gé wáyà, wọ́n gbé agolo lọ tòun ti owó. Ìgbà kan wà tí wọ́n kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbogbo, ewé tí a tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti ń bá Màámi kọ ọ́ sínú ìwé, ohun tó ń wọlé àti ohun tó ń sọnù, kò sì tíì sí ọdún kan tí ohun tó sọnù tó ìdámẹ́wàá. Ẹ wá wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí à bá pàdánù bí a bá ń kó ọjà lọ sí Ìgbónà tàbí Ọjà Ọba ní Òṣogbo lójoojúmọ́. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, owó ọkọ̀ nìkan ń jẹ èrè ẹ̀fọ́ tán. Ká wá sanwó ìṣọ̀, ká sanwó alábàárù, kí ẹ̀fọ́ rọ kí ọ̀sán tó pọ́n, kí ẹnìkan nínú wa sì jókòó tì í látàárọ̀ títí di alẹ́ nígbà tí àgbàdo ń gbẹ nínú oko. Ọwọ́ tí à bá fi ṣọ́ ọjà la fi ń kórè.

Àmọ́ ìṣirò kọ́ ló mú àtẹ yẹn dúró. Òfin kan ló mú un dúró, mo sì mọ ọjọ́ tí mo kọ́ ọ.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí. Wọ́n rán mi lọ ká ilá, eré ni mo ń ṣe lọ́jọ́ méjì tó ṣáájú ọjọ́ náà, púpọ̀ nínú wọn sì ti kó. Mo mọ̀ pé wọ́n ti kó. Mo to àwọn tó rọ̀ sókè, mo ki àwọn tó kó sábẹ́, mo to òkúta síwájú rẹ̀, mo bá tèmi lọ. Lọ́jọ́ kejì, obìnrin kan tó ń se oúnjẹ tà fún àwọn awakọ̀ ní gáréèjì sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ níwájú àtẹ wa. Ó dúró títí Màámi fi jáde láti inú oko. Kò pariwo. Ó kúnlẹ̀ kí Màámi, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, mà. Mi ò wá jà. Ẹ kàn wò ó." Ó tú láílọ́ǹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń to ilá sórí pákó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rìnlá ni. Ó ní òun ti rẹ́ lára wọn sínú ọbẹ̀ kóun tó mọ̀, pé àwọn oníbàárà òun ń tu fọ́nrán jáde lẹ́nu.

Màámi dá gbogbo owó rẹ̀ padà, ó tún di ilá tuntun fún un. Ó ní, "Ẹ má bínú, ìyá mi. Ọmọ ló ṣe é, ṣùgbọ́n àtẹ mi ni." Kò nà mí. Ó kó ilá mẹ́rìnlá náà wálé, ó sè é fún mi nìkan lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó sì jókòó tì mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán. Mo ṣì mọ bó ṣe rí lẹ́nu: àmàlà á lọ, ilá á kù, á dúró sáàárín eyín bí òwú. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Ohun tó bá wà lókè ni kó wà nísàlẹ̀. Àwa kì í sí níbẹ̀ láti ṣàlàyé."

Gbólóhùn kejì yẹn ni mo ti ń rò láti ìgbà náà. Ẹni tó bá jókòó ti ọjà rẹ̀ lè fi ẹnu tún un ṣe. Á ní, "Ẹ má wo ti òkè yẹn, màá fún yín ní ẹ̀nì." Á bẹ̀bẹ̀, á búra, á dín owó kù. Ọjà tí kò ní olójà kò ní ẹnu. Ara rẹ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ lọ wo apẹ̀rẹ̀ tòmátì lọ́jà: ńláńlá ló wà lójú, wẹ́wẹ́ àti èyí tó ti bẹ́ ló wà nínú, koríko ló tún wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹni tó ń rà á mọ̀, ló ṣe ń ná an ní ìdajì. Ẹni tó ń tà á mọ̀ pé ó mọ̀, ló ṣe bu iye lé e. Àárọ̀ kan gbáko ni wọ́n máa ń fi bá ara wọn jà lórí ohun tí àwọn méjèèjì mọ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún èbù, tó ní òun gbin igba, bó bá jẹ ọgọ́rùn-ún òótọ́ tán, á wá jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Irọ́ yẹn ni mo jẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó sì ní fọ́nrán.

Ilá tó kó kì í ṣòfò nílé wa. A máa ń rẹ́ ẹ, a sá a sórí páànù, ó di òrúnlá, a lọ̀ ọ́ fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ohun tí Màámi kórìíra ni kí a fi orúkọ ohun kan pe òmíràn.

Ìkórè kò sì rọrùn tó bí àwọn tó ń fi ọkọ̀ kọjá ṣe rò. Kì í ṣe pé kí èèyàn kàn já a. Ẹ wo píà àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Píà kì í rọ̀ lórí igi láéláé. Ó lè gbó níbẹ̀ títí, á le bí òkúta, ìgbà tí a bá já a tán ló tó ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ó sì lè gba bí ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Adùn tó bá ní lọ́jọ́ tí a gé e náà ló ní. Ara rẹ̀ lè pọ́n sí i, inú rẹ̀ lè rọ̀, kò ní dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn tí ọmọ ọ̀pẹ̀ òyìnbó bá sì ti lò tó ọdún kan ààbọ̀ nínú ilẹ̀ kó tó so, ẹ ò rí i pé ẹ̀ṣẹ̀ ni láti gé e ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú àsìkò nítorí pé ọkọ̀ alájàpá ń fọn fèrè. Màámi máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á gbóòórùn ìdí rẹ̀. Bí ìdí rẹ̀ kò bá tíì ta sánsán, kò ní gé e.

Ọkùnrin kan wá ní ọdún tó kọjá, ó fẹ́ ra gbogbo ọ̀gẹ̀dẹ̀ wa ní tútù, ẹyọ kan ò ní kù, owó ọwọ́ ni yóò san. Màámi bi í bó ṣe máa pọ́n kíákíá tó bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ní nǹkan tí òun máa ń fi sí i. Kábáàdì ni. Òkúta eérú tí àwọn wẹ́dà ń lò nìyẹn. Bí omi bá kàn án, gáàsì á máa jáde lára rẹ̀, gáàsì náà á sọ èèpo èso di pupa rẹ́súrẹ́sú nígbà tí inú rẹ̀ ṣì tutù. NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, ti ń pariwo rẹ̀ tipẹ́ pé májèlé bíi áséníìkì máa ń wà nínú rẹ̀. Èmi a máa ronú májèlé náà, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí. Ti Màámi tún yàtọ̀. Ó wo ọkùnrin náà, ó ní, "Ọmọ mi, òde pọ́n, inú kò pọ́n? Rárá o. Ẹ kú ìrìn." Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà pọ́n fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ márùn-ún lábẹ́ àpò, a tà á lórí pákó, owó rẹ̀ kò sì tó ohun tí ọkùnrin náà ì bá san. Mo kọ ọ́ sínú ìwé.

Ti àgbàdo ni kí n má lọ jìnnà. Ìgbà méjì, ìgbà mẹ́ta la máa ń gbìn ín kí tútù má baà tán lẹ́ẹ̀kan. Láti ọdún 2016 tí kòkòrò tuntun kan láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti dé sí ilẹ̀ Áfíríkà, Bàámi máa ń rìn ní poro poro, á máa bu eérú sínú ọ̀mùnú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àgbàdo tó bá yè é, bí irun rẹ̀ bá ti dúdú, tí a fi èékánná tẹ ọmọ rẹ̀, tí omi funfun ta jáde, ọjọ́ rẹ̀ pé nìyẹn. Láti ìgbà tí a bá sì ti ṣẹ́ ẹ ni adùn inú rẹ̀ ti ń di ìyẹ̀fun díẹ̀díẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá rà á láàárọ̀ kó sè é lọ́sàn-án. Èyí tó bá kù di àbàrí lálẹ́.

Ẹ̀gúsí náà ń bẹ lẹ́yìn abà ní àsìkò kan náà. A ti fọ́ bàrà rẹ̀, a kó o jọ kó rà kí a tó lè fọ ọmọ inú rẹ̀. Ẹni tí kò bá gbóòórùn bàrà tó ń rà rí, kò sí bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Òórùn oṣù kẹjọ ni lójú tèmi, òun àti èéfín àgbàdo sísun.

Oṣù kẹjọ náà ni ọdún Ọ̀ṣun. Bó bá ti di ọjọ́ ìwópópó tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ọdún náà, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ lójú ọ̀nà, á sì pọ̀ jù lọ́jọ́ tí arugbá, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń ru igbá Ọ̀ṣun, bá ń lọ sódò. Láti ọdún 2005 tí UNESCO ti ka igbó Ọ̀ṣun mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ni àlejò ti ń wá láti ibi gbogbo. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nílùú wa ni pé ọ̀dá ló lé Láròóyè tó tẹ Òṣogbo dó àti àwọn èèyàn rẹ̀ kúrò ní Ìpólé, pé omi ni wọ́n ń wá tí wọ́n fi dé etí odò yìí. Mo máa ń rántí rẹ̀ bí mo bá ń fọ gbúre lówùúrọ̀. Ìlú tí omi ló fà á wá síbi tó wà ni wá, ohun tó wà lórí pákó yẹn náà, omi ni púpọ̀ jù nínú rẹ̀.

Sátidé tó tẹ̀lé ọjọ́ arugbá lọ́dún tó kọjá, inú àgbàdo ni gbogbo wa wà látàárọ̀. Ọkọ̀ ń dúró, ọkọ̀ ń lọ, a ń gbọ́ ìró ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo jáde lọ wo pákó ní nǹkan bí aago méjì, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mo tú agolo, mo ṣírò owó, mo yẹ fóònù Màámi wò. Òkìtì ilá kan kò lówó. Òkúta rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnìkan ti tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì gbé nǹkan lé ibi tí ilá wà tẹ́lẹ̀. Ewé eéran ni, wọ́n pọ́n ọn dáadáa, wọ́n fi okùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ dì í. Inú ń bí mi tẹ́lẹ̀. Mo gbé e lọ bá Màámi nínú oko.

Ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ kan kó tó tú u. Irú ni. Ó mú ẹyọ kan, ó fọ̀ ọ́ láàárín ìka méjì, ó gbé e símú, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Irú wooro," ó wí. "Ẹni tó se èyí fara balẹ̀ sè é. Kò fi iyọ̀ tàn wá." Ó wọ̀n ọ́n lọ́wọ́. "Ó ju ẹgbẹ̀ta lọ."

Mo ní, "Màámi, ta ló lè jẹ́?"

"Ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ tó fẹ́ jẹ ilá ni."

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọbẹ̀ ilá ni a sè. Bàámi béèrè ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Òórùn irú náà kò kúrò níka mi títí ilẹ̀ fi mọ́, nígbà tí mo tún gbọ́ ìró ilá: kẹ́, kẹ́, kẹ́. Mo bá a to pákó láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ó kó ilá jọ sí ojú ibi tí irú wà lánàá, èyí tó pọ̀ ju àwọn tó kù lọ, gbogbo rẹ̀ rọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo yẹ̀ ẹ́ wò. Mo na òkúta mẹ́ta sí i. Kò gbà á. Ó fi ewé eéran tá a tú lánàá bò ó kí oòrùn má baà pa á, ó sì bọ́ sínú oko.